Alùpùpù Buell àti Ìtàn Alùpùpù Asáré ní Amẹ́ríkà

Bí a bá dárúkọ alùpùpù Amẹ́ríkà, Harley-Davidson ni ó máa ń kọ́kọ́ wá sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn: alùpùpù ńlá tó wúwo, tí ẹni tó gùn ún fara balẹ̀ jókòó, tó ń rọra lọ lójú títì márosẹ̀. Láti ọdún 1903 ni iléeṣẹ́ yìí ti wà ní ìlú Milwaukee, ní ìpínlẹ̀ Wisconsin. Ní ìpínlẹ̀ yìí kan náà ni irú alùpùpù mìíràn ti jáde, èyí tí wọ́n ṣe fún eré sísá àti fún kọ́nà gígé. Àwọn tó rà á kò pọ̀ nígbà tí ó wà lórí àtẹ.

Àwọn ìgbìyànjú àkọ́kọ́

Ní ọdún 1977, Harley-Davidson gbé alùpùpù kan jáde tí wọ́n pè ní XLCR. Willie G. Davidson, ọmọ-ọmọ ọ̀kan nínú àwọn tó dá iléeṣẹ́ náà sílẹ̀, ni ó ya àwòrán rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì Sportster 1000 cc ni wọ́n fi sí i. Wọ́n kùn ún ní dúdú, títí kan sàláńsà rẹ̀, wọ́n sì fi ìbòrí kékeré síwájú rẹ̀ láti la afẹ́fẹ́. Kò tà. Lójú àwọn tó fẹ́ràn Harley, kò jọ èyí tí wọ́n mọ̀. Lójú àwọn tó fẹ́ràn eré, alùpùpù Japan yá jù ú lọ, wọn kò sì wọ́n tó o. Nǹkan bí 3,100 péré ni wọ́n ṣe.

Ní ọdún 1983, iléeṣẹ́ náà tún gbìyànjú. XR1000 jáde, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ gba àpẹẹrẹ lára XR-750 tí wọ́n fi ń díje lórí pápá eléruku. Dọ́là 6,995 ni wọ́n ń tà á, ọdún méjì ni ó sì lò kí wọ́n tó dá a dúró. Àwọn ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tó ṣẹ́kù ni ẹlòmíràn wá lò.

Erik Buell

Erik Buell gboyè ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Yunifásítì Pittsburgh ní ọdún 1979, ó sì ríṣẹ́ sí Harley-Davidson. Òun fúnra rẹ̀ máa ń díje. Nígbà tó yá, ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ láti ṣe alùpùpù ìdíje tirẹ̀, RW750, pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì 750 cc tí iléeṣẹ́ Barton ní Britain ti kọ́kọ́ ṣe. Lẹ́yìn ọdún 1985, àjọ tó ń darí ìdíje ní Amẹ́ríkà fagi lé ìsọ̀rí tí wọ́n ṣe alùpùpù yìí fún. Alùpùpù wà, ìdíje rẹ̀ kò sí mọ́.

Buell wá yí sí àwọn ẹ́ńjìnnì XR1000 tó ṣẹ́kù. Ní ọdún 1987, ó fi wọ́n ṣe RR1000, tí ìbòrí rẹ̀ bo ara rẹ̀ látiwájú dẹ́yìn, tí sípíríǹgì ẹ̀yìn rẹ̀ sì wà lábẹ́ ẹ́ńjìnnì. Nígbà tí ó ṣe 50, ẹ́ńjìnnì náà tán, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lo ẹ́ńjìnnì Sportster 1203 cc. Ní ọdún 1993, Harley-Davidson ra ìpín 49 nínú ọgọ́rùn-ún iléeṣẹ́ rẹ̀. Ní ọdún 1998, ìpín wọn ti di 98.

Ohun tó yàtọ̀ lára XB

XB9R Firebolt, alùpùpù 984 cc láti ìran XB tí Buell gbé jáde ní ọdún 2002, ni ó fi èrò rẹ̀ hàn jù lọ. Ohun mẹ́ta ni ó ń lépa: kí ìwúwo kóra jọ sí àárín, kí táyà fúyẹ́, kí férémù má ṣe yẹ̀. Ohun tó dà bí táǹkì lórí alùpùpù yìí kì í ṣe táǹkì; ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń mí ni ó bò mọ́lẹ̀. Inú férémù fúnra rẹ̀ ni bẹntiróòlù wà. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì wà nínú apá irin tó di táyà ẹ̀yìn mú, sàláńsà sì wà lábẹ́ ikùn alùpùpù.

Bíréèkì iwájú náà yàtọ̀. Lára ọ̀pọ̀ alùpùpù asáré, àwo bíréèkì méjì ni ó máa ń wà nítòsí àárín táyà. Bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì, agbára ìdádúró yóò gba inú àwọn ọ̀pá rímù kọjá kí ó tó dé táyà, nítorí náà ọ̀pá wọ̀nyí gbọ́dọ̀ nípọn. Buell de àwo kan ṣoṣo, tó fẹ̀ tó milimítà 375, mọ́ etí rímù. Agbára náà kò gba inú ọ̀pá mọ́. Ọ̀pá lè wá tín-ín-rín, táyà iwájú yóò fúyẹ́, yóò sì rọrùn láti yí ní kọ́nà.

Bí iléeṣẹ́ náà ṣe parí

Ṣọ́ọ̀bù Harley-Davidson ni wọ́n ti ń ta Buell. Oníbàárà tó bá wọ ibẹ̀, alùpùpù ńlá ni ó ń wá. Ẹni tó ń wá alùpùpù asáré kì í sábà yà síbẹ̀, bí ó bá sì yà, ẹ́ńjìnnì Sportster tí afẹ́fẹ́ ń tù kò lágbára tó ti Japan. Ìparí ọdún 2007 ni èyí tó yanjú ọ̀rọ̀ agbára ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: 1125R, tí iléeṣẹ́ Rotax ní Austria ṣe ẹ́ńjìnnì tí omi ń tù fún. Ní ọdún 2009, Danny Eslick fi í gba ife-ẹ̀yẹ Daytona SportBike ní Amẹ́ríkà.

Ṣùgbọ́n ọrọ̀ ajé ti dojú rú láti ọdún 2008. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá ọdún 2009, Harley-Davidson kéde pé òun yóò ti Buell pa. Kí oṣù náà tó parí, alùpùpù tó kẹ́yìn jáde ní East Troy, Wisconsin. Gbogbo èyí tí wọ́n ṣe jẹ́ 136,923. Erik Buell dá iléeṣẹ́ mìíràn sílẹ̀ lóṣù tó tẹ̀ lé e, ìyẹn náà sì dáwọ́ dúró ní ọdún 2015.

Lónìí, àwọn tó ń kó alùpùpù àtijọ́ jọ ń wá XLCR tí kò tà ní ọdún 1977 kiri, àwọn kan sì ti ń tọ́jú RR1000 àti XB bákan náà. Ọjà tí a kò gbé síwájú ẹni tó ń wá a ni alùpùpù wọ̀nyí.