Pápákọ̀ Òfurufú Jomo Kenyatta, Nairobi

Pápákọ̀ òfurufú Jomo Kenyatta ni ẹnu ọ̀nà tó tóbi jù lọ tí èrò ń gbà wọ Kẹ́ńyà láti òkè òkun. Ó wà ní Embakasi, lápá gúúsù ìlà oòrùn Nairobi, nǹkan bíi kìlómítà 15 sí àárín ìlú. Ibẹ̀ ni Kenya Airways fi ṣe ibùdó. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ti Èkó lọ sí Dar es Salaam tàbí Mumbai ti ń pààrọ̀ bàálù, ibẹ̀ náà sì ni òdòdó rósì tí wọ́n ń tà káàkiri Yúróòpù ti ń gbéra. NBO ni àmì tó máa ń wà lára tíkẹ́ẹ̀tì. JKIA ni àwọn ará Nairobi ń pè é.

Kí wọ́n tó kọ́ ọ, Eastleigh, ní Nairobi kan náà, ni bàálù ńlá ti ń balẹ̀, àwọn ọmọ ogun òfurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ń lo ibẹ̀ pẹ̀lú. Nígbà tí bàálù ń tóbi sí i, Eastleigh kò gbà wọ́n mọ́, ni ìjọba amúnisìn bá yan pẹ̀tẹ́lẹ̀ Embakasi. Àárín ìjà Mau Mau, tí àwọn ọmọ Kẹ́ńyà fi kọ ìjọba amúnisìn, ni iṣẹ́ náà bọ́ sí. Ní oṣù Ọ̀wàrà 1952, Gómìnà Evelyn Baring kéde òfin pàjáwìrì. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Kẹ́ńyà, àwọn Kíkúyù jù lọ, ni wọ́n rán lẹ́wọ̀n tàbí tí wọ́n tì mọ́lé láìfojú kan adájọ́. Wọ́n la ọgbà ẹ̀wọ̀n sí Embakasi, àwọn ẹlẹ́wọ̀n ibẹ̀ ni wọ́n sì fi fọ́ òkúta, tí wọ́n fi gbẹ́ ilẹ̀, tí wọ́n fi tẹ́ ibi tí bàálù yóò máa sá lé, lójú wọ́dà, nínú oòrùn.

Ní 1958, Baring yìí kan náà ló wá ṣí i. Lọ́jọ́ yẹn, Jomo Kenyatta, ẹni tó wá di ààrẹ Kẹ́ńyà lẹ́yìn náà, wà lẹ́wọ̀n ní Lokitaung, ní aṣálẹ̀ ìhà àríwá. Láti 1953 ni wọ́n ti dá a lẹ́bi pé òun ló ń darí Mau Mau. Ta ni ì bá gbà gbọ́ nígbà náà pé orúkọ ẹlẹ́wọ̀n yẹn ni wọn yóò kọ síwájú ibẹ̀ lẹ́yìn ogún ọdún? Ní tèmi, ọ̀dọ̀ àwọn tó fọ́ òkúta ni ìtàn pápákọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀, ó sì yẹ ká máa dárúkọ iṣẹ́ ọwọ́ wọn ká tó dárúkọ gómìnà.

Òmìnira dé ní 1963, àwọn arìnrìn-àjò tó ń wá wo ẹranko ìgbẹ́ sì ń pọ̀ sí i. Owó Báńkì Àgbáyé ni wọ́n fi kọ́ ilé èrò tuntun sí òdìkejì ọ̀nà ìsáré bàálù, wọ́n fà á ní kọ́lọkọ̀lọ bí òṣùpá ààbọ̀, wọ́n sì ṣí i ní oṣù Ẹrẹ́nà 1978. Nígbà tí Ààrẹ Kenyatta kú ní oṣù Ògún ọdún náà, wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe pápákọ̀ náà. Ilé ti 1958 bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun òfurufú Kẹ́ńyà.

Ọdún kan ṣáájú ìyẹn ni East African Airways, tí Kẹ́ńyà, Ùgándà àti Tànsáníà jọ ni, ti fọ́, tí Kẹ́ńyà sì dá Kenya Airways sílẹ̀. Nígbà tí KLM, ilé iṣẹ́ bàálù Nẹ́dálándì, ra ìdá 26 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ní àárín àwọn ọdún 1990, Nairobi di oríta: èrò ń ti Amsterdam wá, ó ń túká sí Áfíríkà. Ọ̀nà tó wá sọ́dọ̀ wa náà ní ọgbẹ́ tirẹ̀. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2000, bàálù Kenya Airways kan tó ń ti Nairobi bọ̀ kò lè balẹ̀ ní Èkó nítorí ọyẹ́, ó sì kọjá lọ sí Abidjan. Lálẹ́ ọjọ́ 30, bó ṣe gbéra níbẹ̀ láti padà sí Èkó, inú òkun ló já sí. Ènìyàn 169 ló kú. Mẹ́wàá péré ló yè é.

Ọ̀nà ìsáré bàálù kan ṣoṣo ni JKIA ní. Ó gùn ju kìlómítà mẹ́rin lọ, ilẹ̀ ibẹ̀ ló sì fà á. Embakasi fi mítà 1,624 ga ju òkun lọ, afẹ́fẹ́ òkè bẹ́ẹ̀ sì fẹ́lẹ́: kì í gbé ìyẹ́ bàálù bó ṣe ń gbé e ní Mombasa tàbí Èkó, agbára ẹ́ńjìnnì náà á sì dín kù. Bàálù ní láti sáré jìnnà kó tó dìde. Bí oòrùn bá mú, afẹ́fẹ́ á tún fẹ́lẹ́ sí i, awakọ̀ lè ní láti dín ẹrù tàbí epo kù. Ó wà lára ìdí tí òru fi rọrùn fún àwọn tó ń lọ ọ̀nà jíjìn. Ní ọjọ́ 20 oṣù Bélú 1974, Boeing 747 ti Lufthansa gbéra lọ sí Johannesburg láìjẹ́ pé awẹ́ iwájú ìyẹ́ rẹ̀, tó yẹ kó nà jáde, ti nà. Ó lọ sókè díẹ̀, ó sì já. Nínú ènìyàn 157, 59 kú. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí irú bàálù ńlá yẹn yóò já tí ẹ̀mí yóò sì bá a lọ, lẹ́yìn rẹ̀ ni Boeing sì fi ohun tí yóò máa kìlọ̀ fún awakọ̀ kún un.

Òdòdó gba ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Létí adágún Naivasha ni wọ́n ti ń gé rósì láàárọ̀. Wọ́n á dì í, wọ́n á kó o sí yàrá tútù, ọkọ̀ atutù á gbé e wá sí Embakasi, yàrá tútù míì á gbà á níbẹ̀ títí bàálù ẹrù yóò fi gbé e lọ sí Yúróòpù. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń gba ọjà gbàǹjo Aalsmeer ní Nẹ́dálándì kọjá. Bí ó bá ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí ọjọ́ 14 oṣù Èrèlé, ọjọ́ àwọn olólùfẹ́, pé, bàálù ẹrù á pọ̀ ju ti ìgbàkigbà lọ. Ìgbà tí bàálù dúró la mọ bí ọ̀pọ̀ ẹnu ṣe ń jẹun lára iṣẹ́ yìí. Ní oṣù Igbe 2010, eérú òkè ayọnáyèéfín Iceland ti ojú òfurufú Yúróòpù pa. Òdòdó rà ní Kẹ́ńyà, wọ́n ń dà á nù, wọ́n sì ní kí òṣìṣẹ́ oko dúró sílé.

Níbi tí ọdún 2013 fi máa dé, ilé èrò ti há gádígádí. Ní ìdájí ọjọ́ 7 oṣù Ògún ọdún náà, iná jó gbọ̀ngàn àwọn tó ń ti òkè òkun dé kanlẹ̀. Kò sẹ́ni tó kú. Bàálù ẹrù àti ti abẹ́lé tún bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà, abẹ́ àgọ́ ni wọ́n sì ti ń gba èrò fún ìgbà kan. Ilé tuntun tí wọ́n ń pè ní 1A tú wọn sílẹ̀ díẹ̀. Ti ilé ńlá Greenfield, tí wọ́n ti fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀, ìjọba fagi lé e ní 2016. Nǹkan dára ní apá míì: ní 2017 àjọ Amẹ́ríkà tó ń mójú tó ọkọ̀ òfurufú gbà pé ètò ààbò bàálù Kẹ́ńyà kúnjú òṣùwọ̀n, nígbà tó sì di ọjọ́ 28 oṣù Ọ̀wàrà 2018 bàálù ń fò tààrà lọ sí New York. Láti 2022, ọ̀nà àsanwó olókè tó já sí Westlands ti gba ọ̀pọ̀ èrò lọ́wọ́ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ojú ọ̀nà Mombasa. Síbẹ̀, ní oṣù Ògún 2023, nígbà tí iná mànàmáná lọ káàkiri orílẹ̀-èdè náà, òkùnkùn bo pápákọ̀ yìí pẹ̀lú, nítorí jẹnẹrétọ̀ kan kò tan.

Lórí irú àìtó bẹ́ẹ̀ ni ìjọba dúró nígbà tó fẹ́ fi pápákọ̀ náà lé ilé iṣẹ́ Adani ti Íńdíà lọ́wọ́ fún ọgbọ̀n ọdún, kí wọ́n lè ná $1.85 bílíọ̀nù sí i. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni ọ̀pọ̀ ará ìlú ti kọ́kọ́ rí ìwé àdéhùn náà, ní oṣù Agẹmọ 2024. Ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò lọ sílé ẹjọ́, ilé ẹjọ́ gíga sì ní kí wọ́n dáwọ́ dúró ná. Ní ọjọ́ 11 oṣù Owérẹ́, àwọn òṣìṣẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀ nítorí iṣẹ́ wọn tí wọ́n ń bẹ̀rù fún; èrò kún ìta, bàálù kò gbéra. Mo rò pé wọ́n jàre láti béèrè ìdí tí ẹnikẹ́ni kò fi pe ìlú jọ kí ọ̀rọ̀ tó dé ibẹ̀. Ní oṣù Bélú, àwọn agbẹjọ́rò ìjọba Amẹ́ríkà fẹ̀sùn àbẹ̀tẹ́lẹ̀ kan Gautam Adani, ẹ̀sùn tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní irọ́ ni. Lọ́jọ́ kejì, ọjọ́ 21, Ààrẹ William Ruto dúró níwájú ilé aṣòfin, ó sì kéde pé òun ti fagi lé ètò náà. Àwọn aṣòfin dìde, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọ̀nà ìsáré bàálù kejì, tó wà nínú ètò tí wọ́n fagi lé yẹn, ṣì wà lórí ìwé, àwọn èrò tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́jọ lọ́dún sì ń gba orí ẹyọ kan náà kọjá.