Ṣé òótọ́ ni pé ariwo "ṣíì" nínú táǹkì epo túmọ̀ sí pé mọ́tò fẹ́ bú gbàmù?

Àhesọ: Àtẹ̀jíṣẹ́ kan tó máa ń yọjú lórí WhatsApp àti Facebook nígbà ooru sọ pé ẹni tó bá rọ epo kún táǹkì mọ́tò rẹ̀, kí ó máa retí ìbúgbàmù. Ó ní kí èèyàn máa ṣí ìdérí táǹkì lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ kí gáàsì inú rẹ̀ lè jáde.

Àbájáde ìwádìí: Irọ́ ni. Oòrùn kì í mú táǹkì epo bú gbàmù. Àmọ́ bí ariwo náà bá pọ̀ jù, tí ẹ́ńjìnnì sì tún ń gbọ̀n, àìsàn lè wà lára mọ́tò náà.

Ẹ̀kúnrẹ́rẹ́ àlàyé

Orúkọ Indian Oil, ilé iṣẹ́ epo ìjọba Íńdíà, ni wọ́n sábà máa ń fi sí abẹ́ àtẹ̀jíṣẹ́ yìí. Orúkọ ńlá máa ń jẹ́ kí irọ́ tètè tà. Láti 2019 ni ilé iṣẹ́ náà ti sọ lójú òpó Twitter rẹ̀ pé kò séwu nínú kí èèyàn rọ epo dé ìwọ̀n tí àwọn tó ṣe mọ́tò fọwọ́ sí, ìbáà jẹ́ ìgbà òtútù tàbí ìgbà ooru.

Kí bẹntiróòlù tó lè gbiná fúnra rẹ̀ láìsí iná nítòsí, ooru rẹ̀ gbọ́dọ̀ ju 240°C lọ. Ooru Sókótó tàbí Máídúgùrì, bó ti wù kó mú tó, kì í dé 50°C. Mọ́tò tí wọ́n gbé sínú oòrùn lè gbóná jù bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ kò lè sún mọ́ 240 rárá.

Kí wá ló ń dún? Bẹntiróòlù tètè máa ń di afẹ́fẹ́, bí táǹkì bá sì ṣe ń gbóná ni gáàsì yìí ń pọ̀ sí i. Nínú ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ tó wà lójú títì wa, agolo kan tí èédú kún inú rẹ̀ ló ń gba gáàsì náà pamọ́. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, fáàfù kékeré kan tí wọ́n ń pè ní purge valve á ṣí, ẹ́ńjìnnì á sì fa gáàsì náà mu. Nítorí náà, "ṣíì" díẹ̀ nígbà tí ẹ bá ṣí ìdérí kì í ṣe nǹkan bàbàrà.

Ohun tó yẹ kí ẹ fetí sí ni bóyá gáàsì ń tú jáde ni tàbí afẹ́fẹ́ ń wọlé.

Bí táǹkì bá ń fa afẹ́fẹ́ wọlé pẹ̀lú agbára, ọ̀nà tó yẹ kó fi máa mí ti dí. Àwọn tó wa Peugeot 504 oníkabúrétọ̀ mọ èyí dáadáa: mọ́tò á sáré díẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í fà tìkọ̀, á sì kú. Bí wọ́n bá tú ìdérí táǹkì, ó tún tán nìyẹn, ó di ìrìn. Ẹni tí kò bá mọ̀ á ti ra pọ́ǹpù epo tuntun, nígbà tó jẹ́ pé ìdọ̀tí ló dí ihò ìdérí.

Bó bá jẹ́ pé ìgbà tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ epo tán ni mọ́tò kì í fẹ́ gbọ́ sítáàtì, tó sì ń gbọ̀n fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kó tó balẹ̀, ẹ kọ́kọ́ fura sí purge valve tó ṣí tí kò padé mọ́. Gáàsì tí kọ̀ǹpútà mọ́tò kò retí ló ń wọnú ẹ́ńjìnnì. Ẹ ní kí mẹkáníìkì yọ wáyà fáàfù náà, kó yọ rọ́bà tó ti ọ̀dọ̀ agolo èédú wá, kó sì fi ìka dí ẹnu fáàfù nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ jẹ́ẹ́. Bó bá ń fa ìka, fáàfù ti bàjẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe mu sìgá nítòsí o. Ẹ ṣe àyẹ̀wò yìí kí ẹ tó gbà pé kí wọ́n fọ nọ́súlù, nítorí fífọ nọ́súlù ti di oògùn gbogbo àìsàn lọ́dọ̀ àwọn mẹkáníìkì kan.

Láti 1996 ni gbogbo mọ́tò kékeré tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà ti ní ojú ibi tí wọ́n ń ki ẹ̀rọ àyẹ̀wò bọ̀, títí kan Camry tí a ń pè ní "Big Daddy". Kódù P0441 ń sọ pé gáàsì epo kò rìn bó ṣe yẹ. P0455 ń sọ pé ibì kan ń jò gan-an, ìdérí tí kò dì dáadáa sì lè fà á. P0300 kàn ń sọ pé ẹ́ńjìnnì ń ṣẹ́ iná ni. Ó lè jẹ́ púlọ́ọ̀gì tàbí kọ́ìlì, kó má kan táǹkì rárá.

Epo fúnra rẹ̀ náà lè ní àbùkù. Ní oṣù Kejì 2022, àjọ NMDPRA jẹ́rìí sí i pé epo tí methanol inú rẹ̀ ju ìwọ̀n tí Nàìjíríà fọwọ́ sí ti wọ ọjà. Bí mọ́tò mẹ́ta tó rọ epo níbì kan náà bá ń gbọ̀n lọ́jọ́ kan náà, ẹ má tíì tú ẹ́ńjìnnì.

Ìmọ̀ràn pé kí ẹ máa ṣí ìdérí lójoojúmọ́ gan-an ló léwu, bẹ́ẹ̀ náà ni kí mẹkáníìkì lu ìdérí níhò tàbí kó gé agolo èédú dànù. Gáàsì bẹntiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló máa ń rìn. Bó bá ti tó nǹkan bí ìdá 1.4 nínú 100 afẹ́fẹ́ tó yí i ká, iná jẹnẹrétọ̀ tàbí ti ẹlẹ́ran súyà lè ràn án.

Òótọ́ kékeré kan wà nínú àtẹ̀jíṣẹ́ náà: kò yẹ kí ẹ kún táǹkì dé ẹnu. Bí ẹnu pọ́ǹpù bá ti já fúnra rẹ̀, kí wọ́n dúró níbẹ̀, torí epo tó bá ṣàn wọ agolo èédú á bà á jẹ́. Bí ẹ bá sì gbọ́ òórùn epo nínú mọ́tò, tàbí tí epo ń kán sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, ẹ má sítáàtì rẹ̀. Ẹ pe mẹkáníìkì wá bá a níbi tó wà.