Ìdíkàn, Indianapolis àti ọ̀rọ̀ ṣíṣarán

 Nọ́ọ̀sì yín ni.

Ìbéèrè kan kì í tán ní ìpàdé wa: "Ìyá mi ṣarán kó tó kú. Ṣé èmi náà máa ṣarán ni?" Àwọn tó wá ìdáhùn sí i wá a dé ìgboro Ìbàdàn wa níbí, ní Ìdíkàn.

Ní 1992, àwọn dókítà Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Indiana ní Amẹ́ríkà dáwọ́ lé iṣẹ́ kan. Olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Ọ̀ṣúntókun, ọmọ Òkè-Mẹ̀sí, wà níbẹ̀, Hugh Hendrie sì wà lọ́hùn-ún. Wọ́n wọ agboolé dé agboolé ní Ìdíkàn, wọ́n bá àwọn àgbà 2,494 tó ti pé ọdún 65 sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ ńlá ni o: ìyá tí kò mọ ọdún tí wọ́n bí i, ìṣẹ̀lẹ̀ ìlú tó rántí ni wọ́n fi ṣírò ọjọ́ orí rẹ̀. Ní Indianapolis, aláwọ̀ dúdú 2,212 ni wọ́n bá sọ̀rọ̀.

Èsì tó jáde ní 2001 ya gbogbo ayé lẹ́nu. Nínú ọgọ́rùn-ún àgbà ní Ìdíkàn, díẹ̀ lé ní ẹnì kan (1.35) ni àrùn náà ń bẹ̀rẹ̀ lára wọn lọ́dún. Ní Indianapolis, ó lé ní mẹ́ta (3.24). Bẹ́ẹ̀ ìran kan náà la fi ń pè wọ́n!

Wọ́n wá yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún àbùdá kan tí à ń jogún, APOE e4. Ní Indianapolis, ó ń fa ewu Alzheimer. Lára àwa Yorùbá, ẹni tó jogún rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ òbí kan ṣoṣo kò fi bẹ́ẹ̀ sí nínú ewu. Àfi ẹni tó gbà á lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá. Nítorí náà, ogún nìkan kọ́ ló ń ṣiṣẹ́.

Ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ ń kọ́? Ti àwọn àgbà Ìdíkàn kéré sí ti Indianapolis. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé lára àwọn tí kò ní àbùdá yẹn gan-an ni ọ̀rá tó pọ̀ ti bá ewu rìn. Àwọn àgbà yẹn, àmàlà àti ewédú ni wọ́n fi dàgbà, ẹsẹ̀ ni wọ́n sì fi ń lọ ọjà. Ẹ wo ohun tí àwa ń jẹ báyìí, àti ọ̀kadà tí à ń gùn dé ẹnu ọ̀nà ilé!

Ní 2011, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéṣọlá Ògúnníyì àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tún fi hàn pé àwọn àgbà Yorùbá tí ẹ̀jẹ̀ ríru wà lára wọn ni ìṣarán ń mú jù. Ẹ̀yin tí ẹ ti pé ogójì ọdún, ẹ wá kí á wọn tiyín.

Bí ìyá bá sì ń ṣi ọ̀nà ilé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè é ní àjẹ́. Ẹ gbé e wá kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, torí àìtó fítámì B12 tàbí oògùn tó ń lò lè fa ìgbàgbé tó ṣeé wò.