Irúgbìn Tí Àpò Lè Gbé

Ewédú ni màámi ń gbìn tà ní Koumassi, ní Abidjan níbi tí wọ́n bí mi sí. Kplala ni àwọn ará ibẹ̀ ń pè é. Kí màámi tó fọ́n irúgbìn rẹ̀ sórí ebè, á kọ́kọ́ dì í sínú àkísà funfun kan, á rì í bọ inú omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó, á ka ení, èjì títí dé ẹẹ́wàá, á sì fà á yọ kíá. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni kò ní hù, nítorí pé èèpo kóró ewédú le, omi tútù kì í tètè wọ̀ ọ́. N kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ lọ́jọ́ tí mo rí ọmọkùnrin kan nínú àgbàlá wa tó ń rẹ irúgbìn mìíràn. Agolo mílíìkì ló lò, omi tútù ló bù sí i, ó sì gbé e pamọ́ sẹ́yìn ilé ìwẹ̀. Kóró aláwọ̀ eérú ni, tó ní ìlà wẹ́wẹ́ lára. Mo sáré lọ sọ fún màámi pé búọ̀dá náà ti fẹ́ máa gbin ewédú. Ó wò yíká kó tó dá mi lóhùn: "Igbó nìyẹn. Ìwọ ò rí nǹkan kan o."

Ọ̀rọ̀ yẹn dà mí láàmú. Igbó kan ṣoṣo tí mo mọ̀ nígbà náà ni igbó Banco tó wà láàárín ìlú Abidjan, n kò sì mọ bí wọ́n ṣe lè rẹ igbó sínú agolo. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé orúkọ tí Yorùbá fún ewé náà sọ ibi tí wọ́n ń fi í pamọ́ sí. Gban ni àwọn ọ̀dọ́ tó ń sọ Nouchi ń pè é. Òfin Nàìjíríà ní tirẹ̀ pè é ní Indian hemp, bí ẹni pé Íńdíà ló yẹ ká lọ fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn.

Láti ìgbà tí mo ti ń ka ìtàn, mo ti rí i pé ewé àti èéfín ni àwọn tó ń kọ nípa igbó ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sábà máa ń tẹjú mọ́. Irúgbìn rẹ̀ ni èmi fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Kò sì sí bí mo ṣe lè sọ ọ́ yé ẹnikẹ́ni ní Côte d'Ivoire láìkọ́kọ́ sọ ti kòkó.

Kóró kòkó kì í ṣe ohun tí èèyàn ń sá gbẹ fi pamọ́ de ọdún tó ń bọ̀. Tó bá ti gbẹ, ó ti kú nìyẹn. Ó wúlò fún ṣokoléètì, kò wúlò fún ilẹ̀. Inú èso tí a kò tíì fọ́ nìkan ló ti lè pẹ́ díẹ̀, ìwọ̀nba ọ̀sẹ̀ mélòó kan, lẹ́yìn náà àfi kí a gbìn ín. Ẹni tó bá fẹ́ gbé kòkó láti ilẹ̀ kan dé òmíràn gbọ́dọ̀ rí ọkọ̀ ojú omi, ó sì gbọ́dọ̀ yára. Bí Tetteh Quarshie ṣe mú un láti Fernando Po wá sí Mampong ní Gold Coast, tó sì gbìn ín ní 1879, nìyẹn. Ní Côte d'Ivoire, Gómìnà Gabriel Angoulvant, tó ṣàkóso láti 1908 sí 1916, fi tipátipá mú àwọn abúlé gbin kòkó, ó sì fi àwọn ẹ̀ṣọ́ ìjọba ṣọ́ wọn. Nígbà tó yá, àwọn ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pín èso kòkó tí wọ́n ti yàn fún gbígbìn. Bẹ́ẹ̀ ni kòkó ṣe ń bá ìjọba, owó orí àti ìwé rìn láti ìbẹ̀rẹ̀.

Kóró igbó yàtọ̀. Kò tóbi ju kóró ọkà bàbà lọ. Tó bá gbẹ dáadáa, tí ooru kò sì mú un jù, ó lè lo ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó má kú. Omi òru ọjọ́ kan ti tó láti jí i: èèpo rẹ̀ á là sí méjì, gbòǹgbò funfun á yọ ẹnu jáde láàárín ọjọ́ mélòó kan. Kò nílò omi gbígbóná màámi, kò sì nílò ọkọ̀ ojú omi. Àpò ṣòkòtò lè gbé e sọdá òkun. Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀ tí àwọn aṣòfin kì í sábà rántí. Igbó tí wọ́n ń tà ní ìlú wa máa ń ní kóró nínú. Ẹni tó bá fẹ́ mu ún á ṣa kóró náà kúrò, nítorí ó máa ń ta pàrà nínú iná, á sì dà á nù. Ẹni tó ra ti ẹnu ti ra ti oko mọ́ ọn láìmọ̀.

Apá Éṣíà ni ewéko yìí ti ṣẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n ní Ìlà-Oòrùn àti Gúúsù Áfíríkà kí ó tó dé ọ̀dọ̀ tiwa. Ọ̀nà kan tó gbà wọlé ni Sierra Leone, níbi tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ti ń já àwọn tí wọ́n gbà lọ́wọ́ olówò ẹrú sílẹ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Àwọn ará Kóńgò àti Àǹgólà wà lára wọn, orúkọ tí wọ́n mú dání kò sì tíì parẹ́: diamba ni ní Freetown, yamba ni ní Senegal. Ọ̀nà kejì ni ogun Bọ́mà. Láàárín 1943 sí 1945, àwọn ọmọ ogun láti Nàìjíríà, Gold Coast, Sierra Leone àti Gambia jà níbẹ̀ nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun kọkànlélọ́gọ́rin àti ìkejìlélọ́gọ́rin, Íńdíà ni wọ́n sì gbà kọjá. Àwọn onítàn, títí kan Emmanuel Akyeampong ọmọ Ghana, kọ ọ́ pé àwọn ọmọ ogun tó ń bọ̀ wálé wọ̀nyí ló mú irúgbìn igbó dání. Ta ló ń tú àpò ẹni tó ti ojú ogun bọ̀?

Òfin ti jókòó dè é. Láti ìgbà àdéhùn tí wọ́n ṣe ní Geneva ní 1925 ni àwọn ìjọba amúnisìn ti ń ka igbó mọ́ oògùn olóró, òfin Nàìjíríà ti 1935 sì ti dè é kí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà tó fojú rí i. Ní 1964 àti 1965, àwọn dókítà Aro ní Abẹ́òkúta, Tolani Asuni àti Thomas Adeoye Lambo, kọ̀wé nípa àwọn aláìsàn ọpọlọ tó ń mu igbó. Ní 1966, ìjọba ológun ṣe òfin tirẹ̀: ikú, tàbí ó kéré tán ẹ̀wọ̀n ọdún 21, ni fún ẹni tó bá gbìn ín. Ìjìyà ẹni tó gbìn ín wúwo ju ti ẹni tó mu ún lọ. Àwọn ológun yẹn mọ̀ pé irúgbìn ni ọ̀rọ̀ wà. Ní 1975 ni wọ́n tó dẹ òfin náà lọ́wọ́.

Côte d'Ivoire ṣe òfin tirẹ̀ ní oṣù keje 1988. Ẹ fi ọdún yẹn sọ́kàn. Nígbà náà, Ààrẹ Houphouët-Boigny ti kọ̀ láti ta kòkó fún àwọn òyìnbó ní iye tí wọ́n ń pè, ó rò pé tí òun bá dá a dúró, owó rẹ̀ á gòkè. Kò gòkè. Ní 1989, ìjọba gé iye tí wọ́n ń san fún àgbẹ̀ lórí kílò kan kòkó láti 400 sẹ́fà sí 200. Òfin tó ní kí ẹnikẹ́ni má gbin igbó kò tíì pé ọdún méjì tí owó tó ń mú kí àgbẹ̀ lè gbọ́ràn sí i fi di ààbọ̀.

Ìdílé wa mọ̀ ọ́n lára, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a kò ní oko. Èjìgbò ni bàbá mi ti wá. Àwọn ará ilé rẹ̀ tó ń ṣòwò ní Ghana kúrò níbẹ̀ nígbà tí ìjọba Busia lé àwọn àjèjì ní 1969, Abidjan ni wọ́n sì forí lé dípò ilé. Àbúrò bàbá mi lọ jókòó sẹ́bàá Gagnoa, ó ń ta àdá, bàtà rọ́bà àti páànù láwìn fún àwọn olóko kòkó. Tí wọ́n bá ta kòkó, wọ́n á san. Ní ọdún 1990, wọn kò san. Ní 1991 pẹ̀lú, wọn kò san. Ọ̀kan nínú wọn wá ní ọdún kejì sí i, ó ka gbogbo gbèsè rẹ̀ sílẹ̀ lówó tuntun, ó tún ra páànù mọ́ ọn. Bọ̀ọ̀dá mi kò bi í léèrè. Ó wí fún mi lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún pé, "Ṣé kí n dá owó mi padà fún un ni?"

Ìyàwó ọkùnrin náà ló sọ bí ó ṣe ṣe é, nígbà tó wá yáwó láti fi gbé oúnjẹ lọ fún un lẹ́wọ̀n. Kòkó rẹ̀ ti gbó. Láti tún òmíràn gbìn, ó tó ọdún mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó so, kò sì sí igbó ńlá mọ́ tó lè lọ ṣán. Ó rẹ kóró náà sínú igbá mọ́jú, ó gbìn ín sínú ọ̀rá dúdú tí wọ́n fún un fún nọ́sìrì kòkó, ó sì kó wọn lọ sáàárín ọ̀gẹ̀dẹ̀ nígbà tí òjò fìdí múlẹ̀. Kò tó ọdún kan tó fi rówó. Lára owó náà ló fi san fún àwọn tó bá a hú kòkó àtijọ́ tó sì fi gbin tuntun. Nígbà tí mo ka ohun tí Éric Léonard àti àwọn olùwádìí ORSTOM mìíràn kọ nípa àwọn oko kòkó ilẹ̀ wọ̀nyẹn lẹ́yìn 1989, ọkùnrin náà ni mo ń rántí. Ìmọ̀ tí ìjọba fi kọ́ ọ bí a ṣe ń tọ́jú kòkó ló fi tọ́jú igbó.

N kò sọ pé igbó dára. Búọ̀dá alágolo mílíìkì yẹn kò gbádùn mọ́ nígbà tó fi máa di ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Mo mọ ohun tí àwọn dókítà Aro ń sọ. Ohun tó ń dùn mí ni ohun tó ń bọ̀. Ní 2019, Rotimi Akeredolu, gómìnà Oǹdó nígbà náà, lọ sí Thailand pẹ̀lú ọ̀gá àgbà NDLEA láti wo bí wọ́n ṣe ń gbin igbó fún oògùn. Ghana ṣe òfin ní 2020 tó gbà kí wọ́n fún àwọn èèyàn ní ìwé àṣẹ láti gbin èyí tí agbára rẹ̀ kò ju 0.3 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ilé ẹjọ́ gíga jù lọ fagi lé apá yẹn ní 2022, ilé aṣòfin tún un ṣe ní 2023. Kò jọ pé irúgbìn tó ti Bọ́mà wá, tí àwọn àgbẹ̀ ti ń ṣà láti oko dé oko, lè yege nínú ìdánwò 0.3. Ẹni tó bá gba ìwé àṣẹ á ra irúgbìn láti òkè òkun, pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí, nínú páálí. Igbó náà á wá di bíi kòkó: ọkọ̀, ìwé, ìjọba. Ẹni tó ti mọ̀ ọ́n gbìn láti ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn ni kò ní rí ìwé gbà, nítorí pé ẹni tó ti ṣẹ̀wọ̀n lórí ọ̀rọ̀ oògùn olóró ni. Ní Côte d'Ivoire, òfin tuntun ti 2022 kò tilẹ̀ mú wa dé ibi tí a ó ti máa jiyàn nípa irú ìwé bẹ́ẹ̀.

Mo fojú kan ọkùnrin náà lẹ́ẹ̀kan, nígbà tí mo lọ kí bọ̀ọ̀dá mi ní Gagnoa. Ó ti jáde, irun rẹ̀ ti funfun, kòkó tó gbìn lọ́jọ́ sí ti ń so. Ọmọ ọmọ rẹ̀ kan ń di èso kòkó mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ láti gbé e lọ sí nọ́sìrì, ó sì ń ṣeré. Bàbá náà pariwo mọ́ ọn pé kó yára, kóró náà kò ní dúró dè é.