Kẹ̀kẹ́ tó ti kú lè di ẹ̀ṣọ́ ara ògiri: bí ẹ ṣe lè ṣe é nìyí

Ṣé kẹ̀kẹ́ kan wà lẹ́yìnkùlé yín tó ti dógùn-ún, tí àwọn ọmọ ò gùn mọ́? Ẹ má tíì gbé e fún àwọn tó ń ra kóńdẹ́ẹ̀mù o. Ríìmù, ṣéènì àti ìjókòó rẹ̀ lè di ohun tí àlejò máa dúró wò ní pálọ̀ yín.

Àrà yìí ti wà tipẹ́. Ní 1942, Pablo Picasso, gbajúmọ̀ ayàwòrán ọmọ Sípéènì, so ìjókòó kẹ̀kẹ́ kan mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ kan, ló bá di orí akọ màlúù. Ìjókòó ni ojú màlúù, ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ni ìwo. Ohun méjì péré!

Ẹ kọ́kọ́ fọ̀ ọ́. Gírísì ara ṣéènì máa ń ba ògiri jẹ́. Ẹ rẹ ṣéènì sínú kerosíìnì mọ́jú, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì àtijọ́ fọ̀ ọ́, kí ẹ wá fi ọṣẹ àti omi gbígbóná ṣàn án. Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é, jìnnà sí iná. Ẹ má lo bẹntiróòlù rárá. Ẹ fi sáńpépà ha ibi tó ti dógùn-ún, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa kí ẹ tó kùn ún lọ́dà. Bí omi bá kù lábẹ́ ọ̀dà, á tún dógùn-ún ni.

Ẹ fi ríìmù ṣe aago. Ọ̀pọ̀ ríìmù ló ní sipóòkù 36. Bí ẹ bá ń kà á ní mẹ́ta-mẹ́ta, ẹ ti rí àyè nọ́ńbà 12 aago nìyẹn. Ẹ gé pákó pẹlẹbẹ roboto, ẹ fi wáyà dè é mọ́ àárín, kí ẹ wá de ẹ̀rọ aago oníbátìrì mọ́ ọn.

Bó bá jẹ́ dígí lẹ fẹ́ fi sáàárín, sipóòkù gbọ́dọ̀ kúrò. Ẹ má kàn fi pínsà gé e, torí sipóòkù tó le dan-in lè ta síni lójú. Ẹ tú gbogbo wọn díẹ̀díẹ̀ ká ríìmù títí wọ́n á fi dẹ̀.

Wẹ́dà ńkọ́? Kúróòmù tó ń mú irin kẹ̀kẹ́ dán máa ń rú èéfín olóró bí wọ́n bá jó o. Wáyà ti tó láti so wọ́n pọ̀.

Ẹ gbé e kọ́ dáadáa. Irin wúwo, ìṣó kan ò tó. Síkúrù méjì ni kí ẹ lò, pẹ̀lú rọ́bà rẹ̀, kó sì wọ inú búlọ́ọ̀kù gan-an, kì í ṣe símẹ́ńtì tí wọ́n fi rẹ́ ògiri nìkan. Ẹ fi ọwọ́ fà á wò. Ẹ má sì gbé e kọ́ sókè ibi tọ́mọ ń sùn, torí bí irin bá já lu ọmọ, kò sẹ́ni tó máa rántí pé ẹ̀ṣọ́ ni.