Iye Tó Wà Nínú Àpòòwé

Títí di ọdún 1986, ìwé àṣẹ ìjọba ni ilé-iṣẹ́ tó bá fẹ́ ra ọjà láti òkè òkun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbà. Ní Ìkẹjà, láti Ọba Àkran dé Àgídìngbí, ẹni tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ló ń tètè rí i.

Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹsàn-án ọdún náà, ìjọba Babangida ṣí ọjà dọ́là tuntun, SFEM. Báǹkì á gba ìbéèrè àwọn oníbàárà rẹ̀, yálà ní Allen Avenue tàbí ní Marina, á kọ iye náírà tí yóò san lórí dọ́là kan, á sì fi ránṣẹ́ sí Báǹkì Àpapọ̀. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tí ẹnìkejì kọ. Dọ́là tí kò tó náírà méjì tẹ́lẹ̀ fò kọjá mẹ́rin lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Iye kan náà ni gbogbo àwọn tó rí dọ́là gbà kọ́kọ́ ń san. Ohun tó bàjẹ́ níbẹ̀ nìyẹn: bó bá jẹ́ pé iye kan náà la ó jọ san, kí ni kò ní jẹ́ kí n kọ iye gọbọi kí tèmi má baà bọ́? Ní oṣù kẹrin 1987, wọ́n yí òfin náà padà: ohun tó o bá kọ lo máa san. Ká ní báǹkì kan kọ náírà 4.20, tí òmíràn kọ 3.90, tí dọ́là sì kárí àwọn méjèèjì. Ẹni àkọ́kọ́ ti fi ọgbọ̀n kọ́bọ̀ ṣòfò lórí dọ́là kọ̀ọ̀kan, oníbàárà rẹ̀ ni yóò sì rù ú. Láti ìgbà náà, ọkàn ẹlòmíì ni wọ́n ń gbìyànjú láti mọ̀.

Òfin yìí gan-an ni Reiner Knizia, ará Jámánì, fi sínú Modern Art, eré orí tábìlì, ní 1992. Irú gbàǹjo márùn-ún ló wà níbẹ̀. Nínú ọ̀kan, àwọn eléré á di owó mọ́wọ́, wọ́n á là á lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni tí tiẹ̀ pọ̀ jù á san gbogbo rẹ̀. Òun ló dùn jù lójú tèmi.

Báǹkì Àpapọ̀ tún padà sí gbàǹjo dọ́là ní 2002, ó sì tì í pa ní oṣù kejì 2015. Láàárín ìyẹn, ní 2012, Monopoly ti Èkó jáde, ṣùgbọ́n gbangba ni wọ́n ti ń lu gbàǹjo tirẹ̀. Èmi fẹ́ rí eré tí àwọn oníléeṣẹ́ Ìkẹjà yóò jókòó sí, tí dọ́là ò ní kárí, tí àpòòwé kálukú yóò sì wà ní lílẹ̀ níwájú rẹ̀.