Ìwé Ọ̀fẹ́ Dé Agbowó

Ẹni tó bá mọ Agbowó, níwájú géètì Yunifásítì Ìbàdàn, á mọ̀ pé ariwo jẹnẹrétọ̀ àti ti ẹ̀rọ fótòkọ́pì kì í jẹ́ kí àdúgbò náà sinmi. Èmi náà wà lára àwọn tó ń pa ariwo ọ̀hún. Mọ́mì làwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè mí, títí kan àwọn tí irùngbọ̀n wọn ti kún.

Àwọn kan ń pè wá ní olè ìwé. Ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè ohun tó bí iṣẹ́ wa. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í fowó ran àwọn tó ń tẹ̀wé lọ́dọ̀ wọn lọ́wọ́, kí ìwé yunifásítì má bàa wọ́n jù nílẹ̀ wa. Àmì ELBS, ìyẹn orúkọ ètò náà, ló máa ń wà lára irú ìwé bẹ́ẹ̀ láyé ìgbà yẹn. Ẹ bi àwọn àgbà tó kàwé nígbà náà. Ní 1985, náírà kan ṣì ju dọ́là kan lọ. SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí ìjọba ṣe, dé lọ́dún kejì, nígbà tó sì fi máa di 1987, ó ti di nǹkan bíi náírà mẹ́rin kéèyàn tó rí dọ́là kan. Ìwé òkèèrè wá wọ́n gógó. Ẹyọ ìwé kan á wà nílé ìkàwé, odindi kíláàsì á máa du ú. Ẹni tó bá rí i yá á sáré gbé e tọ̀ wá wá, a ó dà á dojú bolẹ̀ lórí gíláàsì, a ó máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí òwú ẹ̀yìn rẹ̀ á fi tú. Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tó bi mí rí bóyá òfin gbà á. “Mọ́mì, èló lẹ ń ṣe ojú ewé kan?” Ìbéèrè wọn nìyẹn.

Nígbà tó yá, ìwé ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Ní 2001, yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà kéde pé àwọn máa gbé ohun tí wọ́n fi ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ní 2012, OpenStax ti Yunifásítì Rice, ní Texas, gbé odindi ìwé físíìsì jáde, College Physics. Ọmọkùnrin kan ló gbé e wá fún mi nínú fláàṣì. Èmi kì í ka ohun tí mò ń tẹ̀, àmọ́ ojú mi lọ síbi tí wọ́n kọ àṣẹ ìwé náà sí: ẹnikẹ́ni lè tẹ̀ ẹ́, lè pín in, lè tà á pàápàá, bó bá ṣáà ti dárúkọ àwọn tó ni ín. Mo tún un kà. Ìwé tí ẹnikẹ́ni ò lè torí rẹ̀ pè mí lólè! Mo ní kọ́mọ náà wá wò ó. Ó wò ó fìrí, ó ní, “Mọ́mì, èló lẹ ń ṣe ojú ewé kan?”

Mi ò bá a wí. Ìwé náà lé ní ojú ewé 1,200, bébà, tónà àti epo jẹnẹrétọ̀ kò sì mọ ọ̀fẹ́. Orí mẹ́ta péré ló tẹ̀.

Ohùn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ò ṣọ̀kan lórí irú ìwé ọ̀fẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn kan ń kà á lórí fóònù, wọ́n ní ṣe ni mo fẹ́ jẹ owó àwọn. Àwọn mìíràn ní ojú ń ta àwọn, iná ò sì sí láti fi ṣáàjì fóònù. Ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ ètò ọrọ̀ ajé ní ìwé ọ̀fẹ́ tòun yé òun ju handout àwọn olùkọ́ lọ, àmọ́ dọ́là ló kún inú ẹ̀, kò sí gàrí, kò sí ẹ̀wà. Àwọn tó ń tẹ odindi ìwé tán pátápátá ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ NOUN, yunifásítì tí wọ́n ti ń kẹ́kọ̀ọ́ láti ọ̀nà jíjìn, tí ilé ẹ̀kọ́ wọn ń gbé ìwé tirẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Òṣìṣẹ́ lọ̀pọ̀ wọn, inú ọkọ̀ ni wọ́n ti ń kàwé, wọ́n sì máa ń ní kí n bá àwọn di í kó le dáadáa.